Àpọ̀kẹ́ ará Akparé, Tó Fọwọ́ Sẹ́yìn Kí Ọkọ Rẹ̀ Lè Kọ Ebè

Ẹ dúró ná! Ohun yòówù kí ẹ máa ṣe lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí, àfi kí ẹ gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ń gbé agbègbè Atakpamé tí ẹ ò tíì gbọ́ nípa Àpọ̀kẹ́ ará Akparé, a jẹ́ pé ẹ ń gbé etí odò, ẹ sì ń fi itọ́ fọwọ́.

Àpọ̀kẹ́ kì í ṣe ìjòyè, kì í ṣe ọmọ ìjòyè. Kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé rí. Iṣu ló ń gbìn, èlùbọ́ ló ń tà. Ohun méjì ni gbogbo Akparé fi mọ̀ ọ́n: ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀. Ní ti ẹnu, bó bá kí èèyàn ní "ẹ kú òwúrọ̀" láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹni tó ti fẹ́ dé Agbonou á dáhùn. Ní ti ọwọ́, kí nǹkan tó jábọ́ dé ilẹ̀, ó ti gbá a mú. Wọ́n ní ó ti gbá ìkòkò mú rí lójú oorun, kò sì jí. Irọ́ ńlá ni o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Àpọ̀kẹ́ kò ní jiyàn rẹ̀.

Ẹ wá wo nǹkan ìyanu! Ohun tó tóbi jù lọ tí obìnrin yìí ṣe láyé rẹ̀, pípa ẹnu mọ́ ni, àti kíkó ọwọ́ sẹ́yìn.

Olúgbódi ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, àgbẹ̀ gidi, kì í ṣe àgbẹ̀ tó ń bá oko ṣeré. Ebè tí Olúgbódi bá kọ máa ń dúró ṣánṣán bí ọmọge tó ru omi. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún wọn, Lucie, tí àwọn fadá ṣe ìrìbọmi fún, ti lọ sílé ọkọ ní Atakpamé. Bàbá àti ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé, wọ́n sì ń gbádùn ara wọn.

Àfìgbà tí àwọn Faransé ń fa ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Agbonou lọ sí ìhà Anié. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin abúlé lọ síbi iṣẹ́ náà, Olúgbódi sì wà lára wọn. Ó pẹ́ létí odò lọ́hùn-ún, láàárín àwọn eṣinṣin tó ń jẹni. Nígbà tó padà dé, ara ń yún un ṣáá, ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì. Àwọn ará etí odò mọ àìsàn náà dáadáa. Oògùn rẹ̀ ni wọn ò mọ̀. Kí àgbàdo ọdún kejì tó gbó, ilẹ̀ ti ṣú mọ́ Olúgbódi pátápátá.

Àpọ̀kẹ́ kò sọkún púpọ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹ bá mi wo ìtọ́jú! Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu òkèlè sí i lẹ́nu. Ó gbẹ́ ọ̀pá gúáfà kan tó tẹ̀ kọdọrọ lórí. Olúgbódi á di orí ọ̀pá náà mú, Àpọ̀kẹ́ á di ìdí rẹ̀ mú, á sì máa fà á lọ síbi tó bá fẹ́ lọ. Bí igbá omi bá bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kó tó dún, Àpọ̀kẹ́ ti gbé e. Ní Akparé nígbà náà, bí wọ́n bá rí afọ́jú tó ń bu omi fúnra rẹ̀, wọ́n á bi í pé ṣé ìyàwó rẹ̀ ti kú ni. Ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n bi ọkọ òun bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, gbogbo abúlé ń yìn ín: "Aya rere! Aya bí ìyá!" Inú Àpọ̀kẹ́ ń dùn, ó sì ń fi kún un.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó máa ń gbé ẹrù igi wọlé tẹ́lẹ̀ ti wá di ẹrù fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dín kù. Lọ́jọ́ kan, Àpọ̀kẹ́ gbé òkèlè lọ sí ẹnu rẹ̀, ó sì yí ẹnu kúrò.

"Ìyá Lucie," ó ní, "ṣé ọwọ́ mi náà ti fọ́ ni?"

Àpọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ yánu jàre, Baba Lucie. Iyán ń tutù."

Ó yánu.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń bọ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé. Olórí ẹbí wọn, Baba Ògúnsanwó, bàbá arúgbó kan tí kì í ké, tí kì í sì tún ọ̀rọ̀ sọ, pe gbogbo agbo ilé jọ sábẹ́ igi mángòrò. Ilẹ̀ Olúgbódi, ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní iṣẹ́ oko lórí rẹ̀, ti di igbó. Nínú ẹbí wọn, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá di igbó fún ìgbà òjò méjì ní láti fi hàn pé òun ṣì ni olóko, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹbí á gbé e fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n sì ṣe ń fi hàn nìyí: lọ́jọ́ iṣẹ́ ẹbí, òun nìkan á kọ ìlà ebè àkọ́kọ́, láti pèrègún ààlà kan dé pèrègún ààlà kejì. Títí yóò fi parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú nǹkan fún un. Wọ́n ní ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ilẹ̀ ń fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀taòkò, ọmọ àbúrò bàbá Olúgbódi, ló bèèrè ilẹ̀ náà. Ó fẹ́ gbin òwú sí i. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìdérí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún Olúgbódi, "ẹ jẹ́ kí n gbà á. N óò máa fi owó òwú ra iṣu wá fún yín. Kí lẹ tún fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe? Àbí ẹ fẹ́ máa gbóòórùn rẹ̀ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Olúgbódi dorí kodò.

Àpọ̀kẹ́ ni ó fò sókè. "Ẹ̀taòkò, ọkọ mi," ó wí, nítorí bí aya ṣe ń pe àbúrò ọkọ nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ó fẹ́ gbá a létí, "èyí tí ẹ ní lọ́nà odò ńkọ́? Èpò ibẹ̀ ga débi pé ewúrẹ́ yín wọ ibẹ̀ lọ́jọ́sí, ọmọ mẹ́ta ló bí kó tó rọ́nà jáde!"

"Ìyàwó wa," Ẹ̀taòkò wí, "ẹnu rẹ lè kọ ebè. Ṣé kí a jẹ́ kó kọ ti ẹ̀gbọ́n?"

Baba Ògúnsanwó gbọ́wọ́ sókè. "Bí òjò bá ti rọ ilẹ̀ dẹ̀," ó ní, "Olúgbódi á kọ ìlà rẹ̀. Bó bá kọ ọ́ já, ilẹ̀ rẹ̀ ni. Bí kò bá kọ ọ́ já, ti Ẹ̀taòkò ni."

Bí wọ́n ṣe ń padà lọ sílé, tí Àpọ̀kẹ́ ń fa ọ̀pá níwájú, Olúgbódi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré gan-an. "Bí ilẹ̀ yẹn bá lọ, Ìyá Lucie, ẹ̀yìn rẹ ni n óò máa tẹ̀ lé títí n óò fi kú."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àpọ̀kẹ́ lára ju ẹ̀gún lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ló lọ ta èlùbọ́ ní ọjà Anié. Ìyá kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ran òwú, òwú náà fẹ́lẹ́ bí okùn aláǹtakùn. Ẹni tó bá fẹ́ rà, ìyá náà á na ọwọ́ sẹ́yìn, á mú èyí tó fẹ́ gan-an jáde nínú agbọ̀n. Ó pẹ́ kí Àpọ̀kẹ́ tó rí i pé ìyá náà kì í wo nǹkan kan rárá. Funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ kú ìnira o, ìyá," Àpọ̀kẹ́ wí. "Ta ló mú yín wá sọ́jà?"

"Ẹsẹ̀ mi."

"Ta ló ń bá yín se oúnjẹ?"

"Iná."

"Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ń jẹ nínú ohun tí mo bá sè." Ìyá náà yí ojú funfun yẹn sí i. "Ìwọ tí o ń bèèrè yìí, o ní afọ́jú nílé. Ta ni?"

Àpọ̀kẹ́ sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ bó ṣe ń fún un lóúnjẹ, bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́, bó ṣe ń fà á. Ó ń dúró kí ìyá náà yìn ín bí gbogbo ayé ṣe ń yìn ín. Ìyá náà fi ìrànwú sílẹ̀.

"Odò fọ́ ọ lójú," ó ní. "Ìwọ ni o fọ́ ọ lọ́wọ́."

Ẹ̀yin èèyàn, ẹnu tó ń dún dé Agbonou kò rí nǹkan sọ! Omi kàn bọ́ lójú Àpọ̀kẹ́ ni. Ìyá náà, Málọmọ́ ni orúkọ rẹ̀, gbọ́ ọ, ó sì na òwú díẹ̀ sí i kó fi nu ojú. Nígbà tí ọjà tú, Málọmọ́ gbé agbọ̀n rẹ̀ lórí, ó ní òun ń tẹ̀ lé e lọ sí Akparé.

Àpọ̀kẹ́ sáré na ọwọ́ kó bá a gbé agbọ̀n náà.

"Ọwọ́ yìí," Málọmọ́ wí, ó sì gbá a, "òun ni a máa kọ́kọ́ kọ́ níwèé."

Báyìí ni ilé Àpọ̀kẹ́ ṣe di ilé ẹ̀kọ́, láìsí bẹ́ǹṣì, láìsí pátákó ìkọ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló wà níbẹ̀, ọkọ àti aya, èyí tó sì kú lórí jù nínú wọn ni èyí tó ríran! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Málọmọ́ ní kí Àpọ̀kẹ́ fi gèlè di ojú, kó wọ ilé ìdáná tirẹ̀ lọ mú iyọ̀ wá. Ilé ìdáná tirẹ̀ ni o! Ó fọwọ́ bọ ata. Ó ṣubú lu ewúrẹ́. Ó dojú omi dé. Nígbà tó jáde, eérú kún orí rẹ̀, kò sì rí iyọ̀. Olúgbódi tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ gbogbo ariwo náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí Àpọ̀kẹ́ kò gbọ́ láti ọdún tó kọjá!

"Ibo lo máa ń gbé iyọ̀ sí?" Málọmọ́ bi í.

"Ibi tí mo bá ti rí àyè ni."

"Nínú ilé afọ́jú, kò sí 'ibi tí mo bá rí.' Gbogbo nǹkan ló ní ìjókòó tirẹ̀ bí àgbààgbà nínú ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá ṣí wọn nípò ló ń fọ́ onítọ̀hún lójú lẹ́ẹ̀kan sí i."

Láti ọjọ́ náà, iyọ̀ ní ìjókòó, igbá ní ìjókòó, ìkòkò omi pàápàá ní ìjókòó. Olúgbódi bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi mu fúnra rẹ̀. Àwọn aládùúgbò rí i, wọ́n sì pariwo.

Ẹ̀kọ́ tó le jù ni ẹ̀kọ́ ohun tó bọ́ sílẹ̀. Málọmọ́ á mú kí Olúgbódi di igbá mú, á sì gbá a bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Má mira," á wí fún un. "Etí ni kó kọ́kọ́ lọ, ọwọ́ á tẹ̀ lé e. Ó ti dúró? Ó dára. Bẹ̀rẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ, kí o fọwọ́ gbálẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbá àgbàlá." Á sì kọjú sí Àpọ̀kẹ́, nítorí ó ń gbọ́ bí ìyẹn ṣe ń fẹ́ dìde: "Ìwọ, jókòó lé ọwọ́ rẹ!"

Àpọ̀kẹ́ á jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí adìyẹ tó sàba lé ẹyin. Á máa wo igbá tó wà nítòsí ọwọ́ ọkọ rẹ̀, á máa wo ọwọ́ náà bó ṣe ń kọjá lára rẹ̀, tó tún ń kọjá. Nígbà mìíràn, kò ní lè mú un mọ́ra, á fò dìde, á gbé igbá náà.

"Ta ló gbé e?" Málọmọ́ á bèèrè.

"Èmi ni, ìyá."

"Dá a padà sílẹ̀. O ti jí i lọ́wọ́ rẹ̀."

Lẹ́nu kànga, àwọn obìnrin ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. "Ó ti rẹ Àpọ̀kẹ́," ni wọ́n ń wí. "Ó jókòó lé ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ń rá kiri lórí ilẹ̀." Àwọn tó ń pè é ní aya rere lánàá ni o! Àpọ̀kẹ́ á pọn omi rẹ̀, á lọ sílé, á sì tún jókòó lé ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sí oko. Málọmọ́ kò kọ ebè rí láyé rẹ̀, kò sì purọ́ pé òun mọ̀ ọ́n. "Èmi mọ afọ́jú," ó ní. "Ìwọ, o mọ oko. Jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé." Wọ́n ta okùn láti ààlà dé ààlà, Olúgbódi sì ń fi orúnkún tọ okùn náà. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ rántí iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tú okùn kúrò. Ó ti rí i pé bí òun bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, tí òun jẹ́ kí oòrùn máa bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún òun, òun kò ní ṣìnà. Á fi gìgísẹ̀ kan ìdí ebè tó parí, á na ọkọ́ síwájú, ibi tí irin rẹ̀ bá dé ni ebè mìíràn ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìlà náà kì í tọ́ bíi tàtijọ́, ṣùgbọ́n ìlà ni.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe tí ayọ̀ mú wọn ṣe. Ẹ̀rúkọ́ Olúgbódi àtijọ́ ti jẹrà. Ọkọ́ tí wọ́n yá ni ó fi ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ọjọ́ ńlá náà kù sí dẹ̀dẹ̀, Àpọ̀kẹ́ mú ọ̀pá gúáfà tó fi ń fa ọkọ rẹ̀ kiri, ó gé ìdí rẹ̀ kúrú, ó sì ki irin ọkọ́ bọ orí rẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ. Olúgbódi fọwọ́ pa á, ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

"Ohun tó ń fà mí kiri," ó ní, "èmi ni n óò wá máa fà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn. Kò sí ẹni tó rántí pé ọ̀pá tí a gbẹ́ fún ìrìn kò nípọn tó ẹ̀rúkọ́. Àgbẹ̀ gidi, ó ṣe irú àṣìṣe yìí! Ayọ̀ ni.

Ọjọ́ iṣẹ́ ẹbí dé. Òjò ti rọ, ilẹ̀ ti dẹ̀. Agbo ilé kún etí oko, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, Málọmọ́ sì jókòó sórí agbọ̀n rẹ̀ tó dojú dé. Baba Ògúnsanwó fọwọ́ kan pèrègún ààlà, ó ní, "Ẹnu yín, ọwọ́ yín." Ohun tó ń sọ ni pé kí wọ́n pa á mọ́. Oko dákẹ́ rọ́rọ́.

Olúgbódi yí ojú títí oòrùn fi bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó tẹ̀ ba. Gbì! Ebè àkọ́kọ́ ti ń dìde. Ó fi gìgísẹ̀ kàn án, ó na ọkọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹnu kànga fi ọwọ́ bo ẹnu. Ebè ń tẹ̀ lé ebè. Òógùn bo ẹ̀yìn ọkùnrin náà, ó ń dán bí ẹ̀yìn ẹṣin. Ó kọjá àárín oko. Àpọ̀kẹ́ ti ń rí pèrègún kejì níwájú rẹ̀.

Ìgbà náà ni irin ọkọ́ bọ́.

Ó fò kúrò lórí ọ̀pá gúáfà, ó sì bọ́ sínú koríko. Olúgbódi gbé ọwọ́ sókè, ó gbé e sọ̀kalẹ̀, igi lásán ló kan ilẹ̀. Ó dúró gbagidi.

Gbogbo ènìyàn rí irin náà. Bẹ́ẹ̀ ló ń tàn nínú oòrùn lápá òsì rẹ̀, kò jìnnà ju ibi tí èèyàn lè na apá dé lọ. Kò sí ẹni tí kò rí i, àfi ẹni tó ń wá a.

Ó ti kúnlẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ gbálẹ̀ láti ibi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lọ sápá ọ̀tún. Kò sí níbẹ̀. Ó lọ síwájú. Ó bọ́ sápá òsì, ìka rẹ̀ sún mọ́ irin, ó sún mọ́ ọn, ó kọjá! Àwọn obìnrin mí kanlẹ̀. Àpọ̀kẹ́ fi eyín há etí ìró rẹ̀. "Òsì" ti dé ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré! Ẹnu tó ń dún dé Agbonou, kó kàn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìyà á tán. Ilẹ̀ náà yóò sì tán pẹ̀lú rẹ̀. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

Ó sì rí i pé ẹnì kan ń lọ.

Ẹ̀taòkò ni! Ẹ̀taòkò tó fẹ́ gba ilẹ̀! Ojú rẹ̀ kún fún omi, ẹnu rẹ̀ ṣí, ó ń rìn bí ẹni tó ń rìn lójú oorun, ó ń tẹ̀ ba kó lọ mú irin náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá mú un, ó ti parí. Àpọ̀kẹ́ sáré dé ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ tó kó sẹ́yìn sì fò jáde, ọwọ́ tó ń gbá ìkòkò mú lójú oorun. Kò fi kan ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn dáńṣíkí Ẹ̀taòkò ló gbá mú. Ó fà á. Faaa! Dáńṣíkí ya láti ọrùn dé ìdí, Ẹ̀taòkò sì fìdí jókòó sílẹ̀.

Olúgbódi gbọ́ ọ. Ó gbé orí sókè. Ó fetí sílẹ̀ bí ẹni tó ń rántí. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbá àgbàlá, kò fo koríko kan. Ọwọ́ rẹ̀ bà lé irin.

Ó gbé e mọ́ àyà. Ó ya etí aṣọ rẹ̀, ó wé e mọ́ orí ọ̀pá, ó ki irin bọ̀ ọ́, ó sì gbá a mọ́ ilẹ̀ títí ó fi fún. Ó yí ojú wá oòrùn. Gbì! Ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí ebè ìkẹyìn dìde, ó na ọwọ́ síwájú, ewé pèrègún sì kún ọwọ́ rẹ̀. Ó dì í mú bí ẹni tó di ọmọ mú.

"Olúgbódi," Baba Ògúnsanwó wí, "ilẹ̀ ti mọ ọwọ́ rẹ."

Ẹ̀yin èèyàn, ìgbà náà ni Àpọ̀kẹ́ ya ẹnu! Igbe tí ó ké, àwọn ẹyẹ gbéra lórí igi. Wọ́n ní àwọn tó wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Agbonou rò pé ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ó sáré dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì dúró lójijì níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Olúgbódi ni ó na ọwọ́, tó wá a, tó sì rí i.

Ẹ̀taòkò ṣì jókòó sílẹ̀. "Ìyàwó wa," ó ní, "dáńṣíkí mi ńkọ́?"

"N óò rán an, ọkọ mi. Kí ló gbé yín dìde gan-an?"

"Mi ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbéra. Mi ò kàn lè wò ó mọ́ ni." Ó nu imú. "Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń ṣe màmá mi nílé. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn ti rọ, èmi àti Colette ìyàwó mi ń gbé wọn bí ẹyin. Wọn kì í rẹ́rìn-ín mọ́." Ó wo Málọmọ́, ó wo Àpọ̀kẹ́. "Ṣé ẹ lè wá kọ́ àwa náà bí a ṣe ń jókòó lé ọwọ́?"

Málọmọ́ ti ń yí agbọ̀n rẹ̀ padà. "Ilé rẹ jìnnà?" ó bi í. "Ó yá, ṣíwájú. Má fà mí o!"

Ìyá Ẹ̀taòkò ló ń bó ẹ̀wà gbogbo agbo ilé báyìí, ó sì tún ń bá àwọn ìyàwó ilé jà lórí bí wọ́n ṣe ń bó tiwọn. Láti ilé yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn. Brigitte láti Agbonou mú àbúrò rẹ̀ tó dití wá, ó sì kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ àti ojú bá a sọ̀rọ̀, dípò kó máa pariwo mọ́ ọn. Àwọn onímísọ́n ń wá, àwọn tó ń bọ òòṣà ilé wọn ń wá, wọ́n ń jókòó sórí ẹní kan náà. Olúgbódi ló ń kọ́ àwọn afọ́jú ní oko. Àpọ̀kẹ́ ló ń kọ́ àwọn tó ń tọ́jú wọn, ohùn rẹ̀ sì ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí abúlé: "Ìwọ, jókòó lé ọwọ́ rẹ!" Àwọn obìnrin ẹnu kànga náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti tún ń pè é ní aya rere, kò sì dá wọn lóhùn.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lásán. Ẹ dìde, ẹ lọ sí Akparé, ẹ béèrè ilé Àpọ̀kẹ́. Ọmọdé á fi hàn yín. Láàárọ̀ ni kí ẹ lọ, nígbà tí oòrùn ṣì wà lápá ọ̀tún. Ẹ ó rí Olúgbódi nínú oko rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ ọ̀pá gúáfà yẹn, nítorí ó kọ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀, aṣọ tó wé mọ́ ọn lọ́jọ́ náà sì ṣì wà lórí rẹ̀. Irin rẹ̀ ṣì máa ń bọ́. Bó bá bọ́ níṣojú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sẹ́yìn, kí ẹ sì dúró wò ó.